Ta Ló Ní Kí Wọ́n Pa Àwòrán Náà Rẹ́?

Inú ń bí mi lọ́sẹ̀ yìí, n kò sì ní fi bò. Lórí WhatsApp àwa ọmọ Ọ̀sì, Ìlọ́fà àti agbègbè wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi meme kan ránṣẹ́: obìnrin aláwọ̀ funfun di fóònù mọ́ etí, ó ń fẹjọ́ Martin Luther King sun ọlọ́pàá. Kò pẹ́ tí àgbàlagbà kan fi pa á rẹ́. Ó ní ọmọ tó ń wá físà kì í bú òyìnbó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí mọ̀ pé ìjà èmi àti àwọn abóyìnbórẹ́ ti pẹ́. Mo tún wí o! Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ fi dá bàbá náà lóhùn.

Èkíní, ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Lóṣù kẹrin ọdún 2018, ní Oakland, Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú ń yan ẹran létí adágún Merritt. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ fi èédú dáná níbẹ̀, ló bá pe ọlọ́pàá. Nítorí èédú! Nílùú tí ọlọ́pàá ti lè yìnbọn pa aláwọ̀ dúdú kó tó béèrè orúkọ rẹ̀! Wọ́n ya fídíò rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sọ ọ́ ní BBQ Becky, wọ́n gé àwòrán rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ King, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ Obama. Ẹni tó bá wò ó yóò rí i pé kò sí bí aláwọ̀ dúdú ṣe lè ga tó tí ẹnìkan kò ní máa ṣọ́ ọ bí olè.

Èkejì, àwọn baba wa ti ń fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́. Bàbá mi àgbà máa ń sọ fún wa pé bí àwọn bá ti sọ ẹrù ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kalẹ̀ lálẹ́, àwọn á máa sín ìrìn rẹ̀ jẹ, àwọn á sì máa rẹ́rìn-ín títí àárẹ̀ á fi tán lára. Ẹ wo ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́: ọba jókòó pẹ̀sẹ̀ lórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n Captain Ambrose, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, ká ẹsẹ̀ kò sínú ohun tí wọ́n fi rù ú. Ọlọ́wẹ̀ kò sọ̀rọ̀ kankan. Òyìnbó gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ní Wembley lọ́dún 1924, wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀, British Museum ló wà dòní. Ọ̀sì tí a sì ń wí yìí, ìlú Areògún agbẹ́gilére ni. Níbẹ̀ ni ẹ ti ní kí ọmọ má fi àwòrán sọ̀rọ̀?

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ físà yẹn ṣì ń dùn mí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, nígbà tí Omicron, ẹ̀yà àrùn Kòrónà, gbòde, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Nàìjíríà sínú àkọsílẹ̀ pupa, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ká arìnrìn-àjò wọn lọ́wọ́ kò. Orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, Áfíríkà ni gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ àrùn náà ti wà nílẹ̀ Yúróòpù. Bàbá, ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí òyìnbó láti ọjọ́ yìí wá, ṣé wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀? Sarafa Ìṣọ̀lá, tó jẹ́ aṣojú wa ní London nígbà náà, kò kúnlẹ̀. Ó là á mọ́lẹ̀ fún wọn ní ìlú wọn pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù náà, wọ́n yọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá kúrò.