Ẹgbẹ́ Tó Ń Pe Orúkọ Ológun Rẹ̀

Láàrin àwọn àṣà tó ń ya ọmọ Ìlúpéjú-Èkìtì lẹ́nu bó bá dé yunifásítì ní Amẹ́ríkà, èyí tó sábà máa ń bí i nínú díẹ̀ kí ìdí rẹ̀ tó yé e ni bí àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ṣe ń bọlá fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun. Lẹ́tà èdè Gíríìkì méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n fi ń sọ àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí lórúkọ. Ètò ìgbaniwọlé tó ní àṣírí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń bá kọjá kó tó wọ̀ ọ́, ẹni tó bá sì ti wọ̀ ọ́ ti di ọmọ ẹgbẹ́ títí dọjọ́ ikú. Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdọọdún, tí Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ fún gbogbo ẹni tó ti wọ aṣọ ológun rí, àti ní ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn oṣù karùn-ún, tí wọ́n fi ń rántí àwọn tó bá ogun lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ yìí a máa pe orúkọ àwọn ológun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a gbé òdòdó lọ sí ibojì àwọn tó ti kú, wọn a sì ní kí àwọn tó wà láàyè dìde kí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ẹni tó ti Èkìtì lọ a wò wọ́n títí, a ní irú kí ni eléyìí.

Ìbínú rẹ̀ kò ṣàìnídìí. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, tó sì ní ọgbà kejì ní Ìkọ̀lé, kò jìnnà sí Ìlúpéjú rárá, àwọn òbí àdúgbò náà sì mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun káàkiri Nàìjíríà máa ń búra sí lọ́jọ́ ìgbaniwọlé, pé òun kò ní bá ẹgbẹ́ òkùnkùn ṣe. Ẹgbẹ́ òkùnkùn ni Yorùbá ń pe ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ń fi ìbọn àti àáké ṣọṣẹ́. Ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí nígbà tí Wọlé Ṣóyínká àti àwọn mẹ́fà mìíràn dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ ní Ibàdàn ní 1952, ohun tí wọ́n ń bá jà ni ìṣe òyìnbó àti ẹ̀mí ẹlẹ́yàmẹ̀yà, kò sì sí ẹni tó gbé ìbọn lọ́wọ́ nínú wọn. Àwọn tó tẹ̀lé wọn ló ba orúkọ jẹ́, títí ó fi di òru ọjọ́ 10 oṣù keje 1999, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ ọgbà yunifásítì Ifẹ̀ tí wọ́n sì pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú wọn. Ní ti sójà, àwọn tó gba ìjọba ní 1966 àti ní 1983 ti kọ́ aráàlú pé bí kákí bá ń bọ̀ lókèèrè, kí èèyàn yà sápá kan. Ohun méjì tí ìyá máa ń gba ààwẹ̀ kí ọmọ òun má bàa ko ni Amẹ́ríkà so pọ̀ yìí, tí ó tún ń gbé òdòdó fún.

Ìtàn ló ń tú ìdí rẹ̀ sílẹ̀, pàápàá ìtàn àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ nígbà tí ti àwọn aláwọ̀ funfun kò gbà wọ́n. Alpha Phi Alpha bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Cornell ní 1906, Omega Psi Phi bẹ̀rẹ̀ ní Howard ní 1911, Phi Beta Sigma náà sì tẹ̀lé e níbẹ̀ ní 1914. Ẹgbẹ́ Phi Beta Sigma yìí ni Nnamdi Azikiwe wọ̀ nígbà tó ń kàwé lọ́hùn-ún. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1917, iṣẹ́ ológun kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jẹ́ ọ̀gá lórí ẹnikẹ́ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Howard àti ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ló sì jà fitafita títí ìjọba fi ṣí àgọ́ kan sí Fort Des Moines ní ìpínlẹ̀ Iowa láti kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọ̀gá. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, 639 nínú wọn gba oyè ọ̀gá ológun. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n jà fún kò ka ọ̀pọ̀ nínú wọn sí nígbà tí wọ́n padà dé, nítorí náà ẹgbẹ́ ni ó kù tí yóò kà wọ́n sí.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí bá jù lọ ni Charles Young, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní 1864. Ní 1889, ó di aláwọ̀ dúdú kẹta tó jáde ní West Point, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà. Ó ṣiṣẹ́ ní Philippines àti ní Mexico, ó sì lọ sí Làìbéríà láti bá wọn tún ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn tò. Ní 1912, Omega Psi Phi tí kò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ fi í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ọlọ́lá, ìyẹn ẹni tí kò wọ ẹgbẹ́ nígbà tó ń kàwé ṣùgbọ́n tí ẹgbẹ́ ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn. Nígbà tí ogun dé ní 1917, tí ó sì yẹ kí ó di ọ̀gágun, àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, wọ́n sì fẹ̀yìn rẹ̀ tì. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé nítorí kí aláwọ̀ funfun má bàa gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ ni. Ọkùnrin náà gun ẹṣin láti Wilberforce ní ìpínlẹ̀ Ohio lọ sí Washington ní 1918, ìrìn tó súnmọ́ 500 máìlì, láti fi han ìjọba pé ara òun le. Ìgbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ogun parí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é padà.

Apá tó kan Yorùbá nínú ìtàn rẹ̀ ni èyí tí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nílé. Lẹ́yìn ogun, wọ́n tún rán Young lọ sí Làìbéríà, iṣẹ́ sì gbé e wọ Nàìjíríà. Àìsàn kíndìnrín kọlù ú lọ́nà, ó sì kú sí ilé ìwòsàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní 1922. Àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì sin ín sí Èkó pẹ̀lú ẹ̀yẹ ológun, ó sì sùn síbẹ̀ ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó hú u, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tún un sin ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 1923 ní Arlington, itẹ́ òkú tí orílẹ̀-èdè náà ń sin àwọn ológun rẹ̀ sí. Ní 2013 ni Ààrẹ Obama sọ ilé rẹ̀ ní Wilberforce di ibi ìrántí ti orílẹ̀-èdè, ó sì di 2022, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn ikú rẹ̀, kí iṣẹ́ ológun tó fún un ní oyè ọ̀gágun tí wọ́n ti fi dù ú. Ní gbogbo ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú, àwọn ẹbí rẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni kò jẹ́ kí orúkọ náà kú. Nínú Omega Psi Phi, ẹni tó bá kú kò kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹ̀ka kan wà fún àwọn òkú, tí wọ́n ń pè ní Omega Chapter, wọn a sì sọ pé ẹni náà ti ṣí lọ síbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, Amẹ́ríkà ló jàre. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń yin ọ̀hún rántí pé Èkìtì ti ń ṣe irú èyí kí Cornell tó ní ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú kankan. Nígbà Ogun Kírìjì, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi ja Ibàdàn láti nǹkan bíi 1877 títí di ìwé àlàáfíà 1886, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó kóra jọ sínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Èkìtìparapọ̀, wọ́n sì fi owó àti ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn balógun wọn, Fábùnmi àti Ògèdèǹgbé, lójú ogun. Ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú lẹ́yìn odi gan-an nìyẹn, ológun ni wọ́n sì fi ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ní Àyèdé tó múlé gbe Ìlúpéjú, Èṣùbíyì tó jẹ́ jagunjagun ló tẹ ìlú náà dó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò sì sí pé à ń dúró de ọjọ́ kan lọ́dún kí a tó rántí irú wọn, nítorí oríkì jagunjagun a máa jáde lẹ́nu obìnrin ilé nígbà ìgbéyàwó, nígbà òkú àgbà, àti nígbà tí ìyá bá ń jí ọmọ ọmọ rẹ̀ láàárọ̀. Ẹgbẹ́ wo ní Amẹ́ríkà ló ń ki ológun rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́? Àwọn náà ní ẹ̀gbin tiwọn: ìwé ìròyìn wọn kì í yé kọ nípa ọ̀dọ́ tó kú níbi ìgbaniwọlé ẹgbẹ́ nítorí ìyà tàbí ọtí àfipámu, ọjọ́ àwọn ológun sì ti di ọjọ́ tí ilé ìtajà ń ta bẹ́ẹ̀dì ní ẹ̀dínwó.

Síbẹ̀, oríkì ní àléébù kan tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kì í fẹ́ sọ. Balógun ni oríkì ń kì. Ẹni tó ru ẹ̀tù tẹ̀lé balógun kò sí nínú rẹ̀. Àléébù yìí ni ilé gbé wọ ayé òde òní. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, gba àmì ẹ̀yẹ Military Cross fún akin tó ṣe ní Kóńgò, ó di gómìnà ológun àkọ́kọ́ fún Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì pa òun àti àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi tó jẹ́ olórí ìjọba ológun, ní ọjọ́ 29 oṣù keje 1966. Orúkọ rẹ̀ wà lára títì, ọgbà àti bárékè, ó sì tọ́ sí i. Adéyínká Adébáyọ̀, ọmọ Ìyìn-Èkìtì tó jẹ gómìnà lẹ́yìn rẹ̀, kàwé ní Christ's School ní Adó, kò sì sí ayẹyẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ibẹ̀ tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í ti í dùn lẹ́nu. Àwọn tó lọ jà ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ńkọ́? Isaac Fádóyèbọ̀ láti Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ gba ọta ìbọn lẹ́sẹ̀ níbẹ̀ ní 1944, ìdílé àgbẹ̀ kan fi í pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn odi àwọn ará Jàpáànù, oníròyìn òyìnbó kan ló sì sọ ìtàn rẹ̀ di ohun tí ayé mọ̀ kété kí ó tó kú ní 2012. Ẹgbẹ́ ìlú kankan kọ́ ló ṣe é.

Wọ́n lè sọ pé nílé, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kì í di sójà, nítorí náà ta ni ẹgbẹ́ yóò bọlá fún? Òótọ́ nìyẹn nígbà kan, débi pé àwọn bíi Ojúkwu, Ifeajuna àti Olúfẹ́mi Olútóyè, ọmọ Ìdóànì tó ti Yunifásítì Ibàdàn jáde, jẹ́ ohun àpéwò nínú iṣẹ́ ológun nítorí pé wọ́n ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Ìgbà yẹn ti kọjá. Ilé-ẹ̀kọ́ ológun ní Kàdúná, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ti ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì láti 1985, àwọn tó jáde ní yunifásítì mìíràn sì ń wọṣẹ́ náà lọ́dọọdún, tí wọ́n ń bá Boko Haram jà. Ohun tó kù nílé ni ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ọjọ́ tí Ogun Abẹ́lé parí ní 1970, tí gómìnà fi ń gbé òdòdó síbi ìrántí, tí wọ́n ń yìnbọn, tí wọ́n sì ń tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ère tí wọ́n ń tẹrí ba fún sábà máa ń jẹ́ ti sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Èyí tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ wà nídìí ìwọ́de ní Àbújá, ó ń béèrè owó ìfẹ̀yìntì.

Ọ̀rọ̀ náà ti kan àwọn tó wà lẹ́yìn odi lára tààrà. Láti 2009 títí di 2016, ìjọba Amẹ́ríkà ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní MAVNI, tó ń gba àlejò tí kò tíì ní ìwé ìgbélùú pípẹ́ sínú iṣẹ́ ológun bí ó bá gbọ́ èdè tí wọ́n nílò, tí ó sì ń sọ wọ́n di ọmọ onílùú kíákíá. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà. Bí ẹni tó gba ọ̀nà yìí wọṣẹ́ bá kàwé lọ́hùn-ún tó sì wọ ẹgbẹ́, orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn tí kò mọ ìlú tó ti wá. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, dókítà, agbẹjọ́rò àti olóyè ni alága ìjókòó ń dá mọ̀. Sójà a jókòó sẹ́yìn.

Nítorí náà, kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Ìlúpéjú nílé àti lẹ́yìn odi, pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama tó wà ní ìlú náà, ṣí ìwé kan, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọmọ ìlú tó lọ sí Bọ́mà, Kóńgò, Ogun Abẹ́lé, Làìbéríà àti Bọ̀nọ́ sínú rẹ̀, ẹni tó jẹ́ kọ́púrà pẹ̀lú ẹni tó jẹ́ kọ́nẹ́ẹ̀lì, títí kan àwọn tó wọ aṣọ ológun ilẹ̀ mìíràn, kí wọ́n sì máa kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí ní oṣù kìíní. Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá àwọn opó, torí ọwọ́ wọn ni ìwé ìfẹ̀yìntì àti nọ́ńbà iṣẹ́ ológun ọkọ wọn ṣì wà, wọn kò sì pọ̀ mọ́.