Ẹ Yé Fi Abẹ́rẹ́ Ìrọbí Dẹ́rù Ba Aboyún

Ẹ̀yin ará, àwọn kan ń sọ ọ́ kiri Àtàn-Ọ̀tà, ó sì ti dé orí pẹpẹ, pé ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì, tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró lójú kan, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi mú ìrọbí ìyá rẹ̀ yá ní ọsíbítù ló fà á. Wọ́n ní kí aboyún kúkú lọ bímọ sí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ. Ọ̀rọ̀ yìí lè pa èèyàn.

Lóòótọ́, ní Amẹ́ríkà ní 2011, àwọn olùwádìí kan wo ọmọ 172, wọ́n ní àfàìmọ̀ kí oxytocin, oògùn inú abẹ́rẹ́ náà, má lọ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo ọmọ tó lé ní 500,000 ní Dẹ́nmáàkì, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kò tó nǹkan. Ohun tó dájú ni pé ìṣòro yìí máa ń rìn nínú ẹbí, àti pé ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé máa ń ní in ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn ń bú abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ bàbá ọmọ gan-an kò lè jókòó gbọ́ ìwàásù parí!

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí: lára àwọn ilé ìgbẹ̀bí tí ń bú abẹ́rẹ́ ọsíbítù, àwọn kan ń ra abẹ́rẹ́ kan náà, wọ́n ń gún un sí ìdí aboyún ní kọ̀rọ̀. Ní ọsíbítù tó dára, inú omi tí wọ́n fà sí i lára ni oògùn náà ń gbà wọlé, ó ń kán díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń ka iye ìgbà tí inú ń mú un, ó ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Bó bá ti le jù, wọ́n á tì í pa. Èyí tí a gún sí ìdí ńkọ́? Ta ló fẹ́ fà á jáde? Ilé ọmọ á máa fún láìsinmi, ọmọ inú kò ní rí èémí tó, ilé ọmọ sì lè ya, pàápàá lára ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún bímọ rí. Ọmọ tí kò tètè ké nítorí àìrí èémí, òun gan-an ni ọpọlọ rẹ̀ wà nínú ewu.

Oògùn yìí tún fẹ́ òtútù, inú fíríìjì ló ń gbé. Nínú àyẹ̀wò àwọn oògùn tí wọ́n rà kiri Nàìjíríà, tí a tẹ̀ jáde ní 2018, bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin oxytocin ni kò kún ojú òṣùwọ̀n. Agbẹ̀bí á gún ọ̀kan, kò ní ṣiṣẹ́; á gún èkejì, ojúlówó nìyẹn lọ jẹ́, ni wàhálà bá dé. Bẹ́ẹ̀ oògùn yìí kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fún ìyá lẹ́yìn tí ọmọ bá ti jáde, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà jù. Ẹni tó bá ń fi í dẹ́rù ba obìnrin, ikú ló ń tì í sí.

Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gún aboyún ní abẹ́rẹ́ ìrọbí ní ilé ìgbẹ̀bí wa mọ́. Bí ìrọbí bá pẹ́, ẹ gbé ìyá náà lọ sí ọsíbítù ìjọba ní Ọ̀tà kí ilẹ̀ tó ṣú. Owó ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí ìjọ kò lè san. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn náà, owó oṣù ìjọba ni mo ń gbà, n kò ní torí ẹ̀ dákẹ́: kí wọ́n fi fíríìjì tí iná rẹ̀ kì í kú sí gbogbo ilé ìlera tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí.