Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Ajá Mọ Ilé Yín Kí Ẹ Tó Gbé E Fún Olùkọ́

Ọ̀rọ̀ ajá la fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa rẹ́rìn-ín pé kí ló kan rédíò nípa ajá. Ó kàn wá. Owó wà nínú ẹ̀, ìlera wà nínú ẹ̀, àwọn ọmọ wa náà sì wà nínú ẹ̀.

Ní Albarika níbí, àti láwọn àdúgbò míì ní Parakou tí ilé tuntun ti ń yọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wá ajá ìṣọ́. Ẹni tó ń tajà ní Arzèkè kò fẹ́ kí olè wọlé òun nígbà tí òun wà lọ́jà, ló bá ra ọmọ ajá. Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ fún un pé: "Gbé e fún maître-chien. Jẹ́ kó gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ fún oṣù kan tàbí méjì. Tó bá fi máa padà, á ti mọ iṣẹ́." Owó á jáde, àpò oúnjẹ á tẹ̀lé owó, ọmọ ajá oṣù méjì á gun zẹmijan lọ síbi tí yóò máa sùn tí yóò máa jí lọ́dọ̀ àjèjì.

Lójú tèmi, owó yẹn kò tọ́ sí ibi tí wọ́n ń ná an sí, pàápàá ní ọjọ́ orí yẹn. N kò sọ pé àwọn olùkọ́ ajá kò mọ iṣẹ́ o. Àwọn kan nínú wọn mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé ká gbé ọmọ ajá tí kò tíì mọ ilé wa kúrò nílé, ká wá máa retí pé ẹlòmíì ni yóò bá wa tọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ orí náà. Ó yẹ kí ọmọ ajá wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ pé eyín ń dunni: tó bá gé èkejì rẹ̀ jẹ jù, eré á dúró, ìyá á kùn mọ́ ọn. Láti ọ̀sẹ̀ 3 títí dé ọ̀sẹ̀ 12 tàbí 14, ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ohun tó bá rí nígbà yẹn tí kò pa á lára, á gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn: ọmọdé tó ń sáré kiri àgbàlá, ìyá àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn, ariwo ẹ̀rọ ìlọta, àgbò Iléyá tí wọ́n so mọ́lẹ̀, obìnrin tó fi ìbòjú bojú. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Ohun tí kò rí nígbà náà, ẹ̀rù rẹ̀ á máa bà á, ìbẹ̀rù sì wà lára ohun tó ń mú kí ajá géni jẹ jù lọ.

Àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn gan-an la wá gbé e lọ. Ohùn olùkọ́ ló mọ̀, òórùn àgbàlá olùkọ́ ló mọ̀, àwọn ajá mẹ́fà tàbí méje tó ń gbó níbẹ̀ ló mọ̀. Nígbà tó bá padà ní oṣù mẹ́rin, àjèjì làwọn ọmọ yín jẹ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà ńkọ́? Wọ́n kọ́ wa níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́ pé ọmọ tó mọ ìṣirò lára pátákó lè má mọ̀ ọ́n tó bá dọ́jà, tí kì í bá ṣe pé a mú un lọ sọ́jà. Ti ajá tún le ju ìyẹn lọ. Ajá tó kọ́ láti jókòó ní àgbàlá kan, lẹ́nu ẹnì kan, kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun jókòó níbòmíì. Àti pé "assis" àti "couché" ni olùkọ́ ń wí. Ìyá àgbà nílé á ní "Jókòó!", ọmọ ilé á sọ ọ́ ní Baatonu, àlejò á sọ ọ́ ní Dẹ́ńdì, ajá á kàn máa wò wọ́n. Wọ́n á ní owó ti wọgbó.

Àwọn kan máa ń fi òwe dá mi lóhùn pé àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń pẹ̀ka ìrókò, ṣebí ẹni tó ni oko ni? Àwọn ọdẹ wa mọ èyí. Ọdẹ kì í gbé ọmọ ajá rẹ̀ fún ọdẹ mìíràn pé kó bá òun kọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ lórúkọ, òun ló ń bu oúnjẹ fún un, ó sì ń jẹ́ kó tẹ̀lé àgbà ajá lọ sóko. Ohùn rẹ̀ ni ajá náà ń gbọ́ nínú igbó.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ wo ibi tí ẹ̀kọ́ ajá ti jinlẹ̀ jù. Ní Oldenburg, nílùú Jámánì, wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ fún ajá tó ń ṣamọ̀nà afọ́jú ní 1916, nítorí àwọn ọmọ ogun tí ojú wọn fọ́ lójú ogun. Ní 1929 àwọn ará Amẹ́ríkà dá tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní The Seeing Eye. Irú iṣẹ́ yìí, ẹ̀mí èèyàn ló wà lọ́wọ́ ajá. Síbẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí? Ọmọ ajá kì í bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́. Tó bá pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8, wọ́n á gbé e fún ìdílé kan tí yóò tọ́ ọ nínú ilé, tí yóò mú un lọ sọ́jà, wọ bọ́ọ̀sì, títí yóò fi lé ní ọdún kan. Ìgbà náà ló tó lọ kọ́ṣẹ́. Tiwa tí kò ju kó máa gbó olè lọ, a fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù méjì!

Ọ̀rọ̀ àìsàn ló wá le jù. Àrùn kan wà tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní parvo. Ọmọ ajá á máa bì, á máa ṣu ẹ̀jẹ̀, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìgbẹ́ ajá ló ń gbé e kiri, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọṣẹ lásán kò pa á, omi Javel ló ń pa á. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16. Ẹni tó bá kó ọmọ ajá oṣù méjì sáàárín ajá onílé mẹ́wàá, ó fi í ta tẹ́tẹ́ ni.

Dìgbòlugi ńkọ́, èyí tí Faransé ń pè ní la rage? OMS fojú bù ú pé nǹkan bí èèyàn 59,000 ló ń pa lọ́dún káàkiri ayé. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ń pa, bíi mẹ́rin jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, ajá ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù. Ọmọ ajá lè gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó bá pé ọ̀sẹ̀ 12. Tí ajá bá gé ọmọ yín jẹ, ẹ má fi ata sí i, ẹ má fi epo sí i. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Tí àmì àrùn bá ti yọ lára èèyàn, ó ti pẹ́ jù.

Torí náà, kí ni kí a ṣe pẹ̀lú owó náà? Abẹ́rẹ́ ni kó kọ́kọ́ lọ sí. Ìyókù, ẹ san án fún olùkọ́ kó máa wá sílé yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó kọ́ ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín. Gbogbo ilé á fẹnu kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún nǹkan kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, pẹ̀lú ègé ẹja kékeré lọ́wọ́, tó fún ọmọ ajá. Tó bá jí, tó bá jẹun tán, ẹ mú un jáde kó lọ tọ̀. Tó bá ti tọ̀ sínú ilé kí ẹ tó dé, ẹ nu ún, ẹ má nà án. Kò mọ ohun tí ẹ ń torí ẹ̀ nà án, ọwọ́ yín nìkan ló ń kọ́ láti bẹ̀rù.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ ajá kò kàn yín, ẹ bi àwọn Àlúfà yín nípa ẹsẹ ìkẹrin nínú Súrà Al-Má'idà, níbi tó ti sọ̀rọ̀ nípa ẹranko tí a kọ́ láti ṣọdẹ. Ẹ jẹ́ kó ní àwo tirẹ̀ àti ibùsùn tirẹ̀ níta.

Ìgbà mìíràn wà tí gbígbé lọ́dọ̀ olùkọ́ wúlò, mi ò ní parọ́. Ajá tó ti lé ní ọdún kan, tí ẹ fẹ́ kó kọ́ṣẹ́ ìṣọ́ gidi, tàbí àgbà ajá tó ti ń géni jẹ tí apá ilé kò ká mọ́, ìyẹn lè lọ. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá ẹ lè yọjú láìsọ tẹ́lẹ̀. Tí olùkọ́ bá kọ̀, ẹ gbé ajá yín, ẹ máa lọ. Ẹ ní kó fi káàdì abẹ́rẹ́ àwọn ajá tó wà níbẹ̀ hàn yín. Ẹ wo bóyá ẹgba wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bóyá àwọn ajá ń sá tó bá gbé ọwọ́ sókè. Kí ẹ sì bá a ṣàdéhùn pé, lẹ́yìn tí ajá bá padà, òun náà á tẹ̀lé e wá sílé lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta.

Tí ẹgbẹ́ yín bá ṣe ìpàdé, ẹ ka iye ajá tó wà ní agbo ilé yín, kí ẹ sì ka iye èyí tó ní káàdì abẹ́rẹ́. Ẹ fi iye méjèèjì ránṣẹ́ sí wa, a máa kà á lórí afẹ́fẹ́.