Ẹ Má Tíì Pa Á Rẹ́

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá kọ̀ nínú Ubuntu tí ẹ gbé sínú VirtualBox, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa á rẹ́. Mo pa tèmi rẹ́. Àdàkọ ohùn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fẹ́ fi ṣe àpilẹ̀kọ bá a lọ. Èyí tí mo tún gbé síbẹ̀ náà kọ̀!

Bí ẹ bá wà lórí NAT, ẹ fi ping pe 10.0.2.2 ná, lẹ́yìn náà 8.8.8.8. Bí méjèèjì bá dáhùn tí google.com kò dáhùn, ọ̀nà là. DNS tó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà ló dákẹ́. Òun náà ló ṣe tèmi. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan, bí a ti ń fi ọkọ́ àti ọkọ̀ wádìí ohùn. Wákàtí kan péré ni ẹ̀ka wa nílò láti fi èyí han àwọn ọlọ́dún kẹta.