Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Fi Òǹtẹ̀ Lù Ú: Ẹ̀bẹ̀ sí Ìjọba Àpapọ̀ lórí Ẹ̀tọ́ Àwọn Oníhùmọ̀

Sí Mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́, òwò àti ìdókòwò ní Abuja, àti sí ẹ̀yin Ọlọ́lá ní Ilé-Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà àti Ilé-Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin.

Iṣẹ́ omi ni èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ń ṣe: mò ń gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ, mò ń to páìpù, mò ń tún póǹpù ṣe. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ọmọ mi ń ṣe ní tirẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì jọra ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Èmi ń wá bí omi díẹ̀ yóò ṣe tó ilé púpọ̀, òun ń wá bí kọ̀ǹpútà díẹ̀ yóò ṣe tó iṣẹ́ púpọ̀. Òfin kan náà ló sì ká àwa méjèèjì lọ́wọ́ kò.

Òfin ọdún 1970 tó wà lórí pátẹ́ǹtì àti àwòṣe ni mò ń sọ. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon ló gbé e kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1971. A kò ní ṣàìdúpẹ́ nítorí rẹ̀. Kí ó tó dé, ẹni tó bá fẹ́ pátẹ́ǹtì ní Nàìjíríà ní láti kọ́kọ́ gbà á lọ́dọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tó wá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbí. Òfin yìí ló yọ wá nínú ìyẹn. Ó fún oníhùmọ̀ ní ọdún 20 tí ẹlòmíì kò gbọ́dọ̀ fi ṣe iṣẹ́ náà láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá ṣáà ti ń san owó ọdọọdún.

Abala kẹrin rẹ̀ ló ń dùn wá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bí ìwé ìbéèrè bá ti pé, tí owó sì ti wọlé, kí ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì fún oníhùmọ̀ náà ní pátẹ́ǹtì láìyẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tó mú wá jẹ́ tuntun, tàbí bóyá ẹlòmíì ti béèrè fún un ṣáájú. Ó tún là á mọ́lẹ̀ pé ọrùn ẹni tó gbà á ni ewu rẹ̀ wà, ìjọba kò ṣe onídùúró pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá báńkì wo ni yóò yá èèyàn lówó lórí ìwé tí ẹni tó fi òǹtẹ̀ lù ú fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò dúró fún?

Abala kejì tún wá fi kún un. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì ni ẹ̀tọ́ jẹ́ tirẹ̀, ìbáà ṣe òun ló ronú ohun náà, ìbáà máà ṣe òun. Kí n má purọ́ mọ́ òfin, kò pa olóòótọ́ tì pátápátá: ó ní kí wọ́n dárúkọ ẹni tó ronú rẹ̀ gan-an sínú ìwé, ó sì ní bí wọ́n bá jí iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ̀tọ́ padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ni yóò ti lọ jà fún un. Púlọ́ḿbà tó ń gba owó iṣẹ́ ojúmọ́, níbo ni yóò ti rí owó lọ́yà?

Ohun tí àìyẹ̀wéwò lè fà kò lópin. Lọ́dún 2021, orílẹ̀-èdè South Africa, tí àwọn náà kì í yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò fínnífínní, fún ènìyàn kan ní pátẹ́ǹtì tó ka ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní DABUS sí oníhùmọ̀. Ìwé kan náà dé Amẹ́ríkà, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dé ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì ti Yúróòpù, gbogbo wọn ló dá a padà. Kì í ṣe pé South Africa ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ tó fi gbà á. Kò sẹ́ni tó bi ẹni tó mú ìwé náà wá ní ìbéèrè ni.

Àwa kọ́ la máa kọ́kọ́ mú ẹ̀bẹ̀ lórí pátẹ́ǹtì wá síwájú ìjọba. James Watt gba pátẹ́ǹtì lórí ẹ̀rọ olóoru ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1769. Nígbà tó rí i pé ọdún ń lọ, tí iṣẹ́ kò sì tíì jọ, ó tọ ilé aṣòfin wọn lọ, wọ́n sì sún un síwájú fún un ní 1775 títí di ọdún 1800. Àwa kò béèrè àfikún ọdún o. Àwọn oníṣẹ́ míì nígbà náà kò lè tún ẹ̀rọ ọ̀hún ṣe bó ṣe wù wọ́n títí ọdún Watt fi pé, ìyẹn kò sì ṣe ìlú lóore. Ọdún 20 tó wa.

Kí ẹ lè rí oore tí pátẹ́ǹtì ń ṣe ìlú, ẹ wá wo fáàfù tí onímọ̀ ẹ̀rọ Nikola Tesla ṣe kí omi má baà máa padà sẹ́yìn. Ó béèrè fún pátẹ́ǹtì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1916, wọ́n sì fún un ní oṣù Kejì ọdún 1920. Fáàfù tí a ń rà lọ́jà máa ń ní ohun kan nínú tó ń ṣí tó ń padé, bóyá rọ́bà, bóyá irin pẹlẹbẹ, bóyá sípíríǹgì. Ohun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, pàápàá níbi tí omi bá ti ń gbé iyanrìn. Tesla yọ gbogbo ìyẹn dànù. Ọ̀nà ló gbẹ́ sínú irin, tó ní àwọn ẹ̀ka tó ń yí po lọ́tùn-ún lósì. Bí omi bá gba iwájú, yóò kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá fẹ́ padà sẹ́yìn, àwọn ẹ̀ka náà á darí apá kan rẹ̀ wá kọlu ìyókù, omi á sì máa dí ara rẹ̀ lọ́nà. Kò sí ohunkóhun tó ń mira níbẹ̀. Kì í dí omi pátápátá, nítorí náà kò lè rọ́pò fáàfù kànga, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tí omi bíńtín ń gbà kọjá ṣì ń kọ́gbọ́n lára rẹ̀ títí dòní.

Orí fóònù mi ni mo ti ka pátẹ́ǹtì yẹn, tòun ti àwòrán rẹ̀, láìsan kọ́bọ̀. Ẹ̀tọ́ Tesla lórí rẹ̀ ti tán tipẹ́, ẹnikẹ́ni ló lè rọ ọ́. Àdéhùn tó wà nídìí pátẹ́ǹtì nìyẹn: ìlú fún oníhùmọ̀ ní ọdún díẹ̀, oníhùmọ̀ fi àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ìlú. Ohun tí àwọn ènìyàn ti kọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba tiwa láti 1971, ó yẹ kí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lè rí i kà bẹ́ẹ̀.

Ti ọmọ mi tún ṣòro ju tèmi lọ. Òfin 1970 kò mẹ́nu kan kọ̀ǹpútà. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti ọdún 2022 dáàbò bo prógíráàmù kọ̀ǹpútà bí ìwé tí èèyàn kọ, ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló dáàbò bò, kì í ṣe ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀. Bí ọmọ Yaba kan bá wá ọ̀nà tuntun tí kọ̀ǹpútà mẹ́wàá yóò fi máa pín iṣẹ́ àti mẹ́mọ́rì láàárín ara wọn, tí iṣẹ́ kò fi ní dúró bí iná bá lọ lára mẹ́ta, ẹlòmíì lè fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kọ ọgbọ́n náà tán kó sì máa tà á. Ní Amẹ́ríkà, Google gba pátẹ́ǹtì ní oṣù Kìíní ọdún 2010 lórí MapReduce, ọ̀nà tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́ ńlá kan sí wẹ́wẹ́ sórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tó kó èsì rẹ̀ jọ. Kí ọdún náà tó dé ìdajì, wọ́n ti fún àwọn tó ń ṣe Hadoop, sọ́fítíwia ọ̀fẹ́, láyè láti máa lò ó. Ẹni tó ni nǹkan ló lè fi í ta ẹlòmíì lọ́rẹ.

Mi ò bẹ̀bẹ̀ pé kí gbogbo prógíráàmù di tẹnì kan. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ lọ́dún 2014, nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ Alice àti CLS Bank, pé kí èèyàn kàn gbé èrò lásán sórí kọ̀ǹpútà kò sọ ọ́ di ìhùmọ̀. Mo fara mọ́ ọn. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ni yóò kọ́kọ́ wọlé, àwọn ọmọ wa ni yóò sì máa tọrọ àyè nínú ilé bàbá wọn. Kí òfin ṣáà sọ ibi tí ààlà wà.

Ohun tó ń ká èmi lára jù ni ti àwọn ará wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Benin àti Togo wà nínú OAPI, ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní pátẹ́ǹtì lórúkọ gbogbo orílẹ̀-èdè inú rẹ̀, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Yaoundé. Alágbẹ̀dẹ tó bá ṣe àtúnṣe kékeré sí fáàfù níbẹ̀ lè gba ìwé ẹ̀tọ́ kékeré tó máa ṣiṣẹ́ fún ọdún 10, ní orílẹ̀-èdè 17 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ṣe irú rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ, tí kò jìnnà síbẹ̀, kò ní nǹkan tó jọ ọ́. Pátẹ́ǹtì odindi ni, tàbí òfo.

Nítorí náà, ẹ̀yin Ọlọ́lá, ẹ gba àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti onímọ̀ kọ̀ǹpútà síṣẹ́ láti inú àwọn fásitì wa, kí wọ́n máa yẹ ìwé wò kí òǹtẹ̀ tó balẹ̀. A mọ̀ pé owó ni. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ka iṣẹ́ díẹ̀, kí ẹ sì máa lo àyẹ̀wò tí àwọn ọ́fíìsì òkèèrè ti ṣe, nítorí Nàìjíríà ti wà nínú àdéhùn àgbáyé lórí ìbéèrè pátẹ́ǹtì láti ọdún 2005. Ẹ dá ìwé ẹ̀tọ́ kékeré sílẹ̀ fún àtúnṣe kéékèèké. Ẹ gbé àlàyé gbogbo pátẹ́ǹtì tí ẹ ti fúnni sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Oníṣẹ́ tí wọ́n bá sì sọ fún pé ohun tó mú wá kì í ṣe tuntun kò ní bínú. Yóò tètè mọ̀, kó tó ná owó ilé rẹ̀ tán lórí rẹ̀.

Bí ìkan ṣoṣo bá wà tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe fún wa nínú gbogbo rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún abala kẹrin kọ.