Ojú l'Alákàn Fi Ń Ṣọ́rí

 

Ọ̀rọ̀ orí ni a mú wá lóṣù yìí. Lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ Ẹgbẹ́ wa gbá bọ́ọ̀lù, ọmọ wa kan forí kọ orí ẹnìkejì. Ó ṣubú, kò mọ ibi tó wà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwa tí a jókòó lábẹ́ igi kò rí ẹ̀jẹ̀, a ní, "Ìwọ ọkùnrin, dìde!" Ó dìde, ó gbá bọ́ọ̀lù náà parí. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó ń bì, ó sì ń fi orúkọ ẹlòmíràn pe àbúrò rẹ̀. Ọpẹ́ ni pé ìyá rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́. Ilé ìwòsàn ló gbé e lọ. Àwa ni a jẹ̀bi.

Ọpọlọ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, omi ló sì yí i ká nínú agbárí. Bí nǹkan bá gbá orí, agbárí lè má fọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ á mì nínú rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ní okùn tín-ín-rín tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn, bí wáyà tẹligíráàfù tó máa ń so téṣàn rélùwéè kan mọ́ èkejì láyé àtijọ́. Bí orí bá mì tagbára-tagbára, okùn wọ̀nyí á nà jù, òmíràn á bàjẹ́. Ìbàjẹ́ náà sì lè máa bá a lọ fún ọjọ́ mélòó kan. Awọ tó bó á hù padà, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó kú kì í sáábà ní arọ́pò.

Ní ọdún 2002, Dókítà Bennet Omalu, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ ní Pittsburgh, yẹ ọpọlọ Mike Webster wò. Webster jẹ́ gbajúmọ̀ nínú irú bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọlu ara wọn gbá. Ẹni 50 ọdún ni nígbà tó kú, iyè rẹ̀ sì ti dàrú kó tó kú. Lójú lásán, ọpọlọ náà dà bí èyí tí kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà fi ẹ̀rọ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, ó rí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní tau tó dì nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì. Ó tẹ ìwádìí náà jáde ní 2005.

Nítorí náà, ẹni tó bá forí gbá, kó jáde nínú eré lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ń bì léraléra, bí oorun rẹ̀ kò bá ṣe é jí, bí gìrì bá mú un, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń jáde létí tàbí nímú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀yin tó ń gun alùpùpù, orí ni ibi akoto, kì í ṣe ọwọ́ alùpùpù.

Ara ọmọ náà ti ń yá, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù di ìgbà tí dókítà bá yọ̀ǹda. Bí ẹ bá tún gbọ́ tí a ń sọ fún ọmọ ẹlòmíràn pé kó dìde, ẹ pa wá lẹ́nu mọ́.

Ó dìgbà kan ná.