Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Là Ń Sọ fún Ọmọlúwàbí, Kì Í Ṣe Àbọ̀ Fíìmù

Fíìmù kan wà tí n kò mọ ìparí rẹ̀ títí di òní. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí ìyá mi rà á wálé láti ọjà, ní Kumasi níbí: síídì méjì, Apá Kìíní àti Apá Kejì. Ọ̀kan ni nínú àwọn fíìmù èdè Twi tí wọ́n ń ṣe ní ìlú yìí, tí a ń pè ní Kumawood. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, yàrá wa kún fọ́fọ́. Ìyá mi, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò ní Gánà, wà níbẹ̀. Èmi àtàwọn àbúrò mi wà níbẹ̀. Ìyá Asante kan tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Maame, náà wà níbẹ̀.

Nígbà tí Apá Kejì ń parí lọ, ọkùnrin inú eré náà fẹ́ jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀ níwájú àwọn àgbà ìdílé. Ó la ẹnu. Àwòrán dúró gbagidi, orin bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síwájú wa pé ká máa retí Apá Kẹta. Maame dìde, ó súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Adɛn?" Kí ló dé? Ó béèrè bí ẹni pé ọkùnrin náà yóò dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá mi padà sọ́dọ̀ ẹni tó ta síídì náà fún un. Ó ní, "Màmá, ó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ọ̀sẹ̀ di oṣù, oṣù di ọdún. Ohun tí Maame ń tẹnu mọ́ ni pé odindi owó lòun san.

Mo máa ń rántí Maame nígbàkígbà tí àwọn olólùfẹ́ fíìmù bá ń fapá jánú pé wọ́n ti gé ìwé tó kẹ́yìn nínú ìtàn tí wọ́n fẹ́ràn sí fíìmù méjì. Harry Potter ló sọ àṣà yìí di ńlá ní Hollywood. Ìwé keje, tó parí ìtàn náà, lé ní 600 ojú ewé. Wọ́n pín in sí méjì, apá kìíní jáde ní 2010, èkejì ní 2011. Twilight tẹ̀ lé e, 2011 àti 2012. The Hunger Games tẹ̀ lé ìyẹn, 2014 àti 2015. Gbogbo wọn ló fa àríyànjiyàn láàárín àwọn tó ti ka ìwé. Inú àwọn kan dùn: wọ́n ní kí wọ́n má gé ohunkóhun kúrò, pé bí ìtàn bá gùn, ẹ jẹ́ kó gùn. Àwọn kan ní olè ni, pé tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni wọ́n ń wá, ìtàn kọ́.

Mo rò pé àwọn méjèèjì lẹ́jọ́ rò. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Apá kejì Harry Potter ló pa owó jù nínú fíìmù mẹ́jọ̀ọ̀jọ ìtàn náà. Ṣùgbọ́n apá tó kẹ́yìn The Hunger Games pa owó tó kéré sí ti apá tó ṣáájú rẹ̀. Ní 2023, Francis Lawrence tó darí rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé òun kábàámọ̀ pé àwọn pín ìwé náà, àti pé òun mọ ìdí tí inú fi bí àwọn èèyàn, nítorí odindi ọdún kan ni wọ́n fi dúró. Nígbà tó darí fíìmù mìíràn látinú ìtàn kan náà lọ́dún yẹn, kò gé e. Odindi ìwé ló fi ṣe fíìmù kan, ó lé ní wákàtí méjì àtààbọ̀.

Ti Divergent ló burú jù. Ìwé mẹ́ta ni, wọ́n sì pinnu láti gé ẹ̀kẹta sí méjì. Ìdajì àkọ́kọ́, Allegiant, jáde ní 2016. Èrò kò wá tó bí wọ́n ṣe rò. Àwọn tó ni iṣẹ́ náà ní àwọn yóò gbé ìyókù lọ sórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó yá, wọ́n pa á tì pátápátá. Gbogbo ayé tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Allegiant ló di Maame.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ Hollywood nìyẹn, kí ló kàn wá? Ó kàn wá gan-an, nítorí àwa ti ń pín fíìmù kí Hollywood tó sọ ọ́ di àṣà. Living in Bondage, tó la ọ̀nà fún fíìmù fídíò ní Nàìjíríà ní 1992, ní apá kejì. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tí Túndé Kèlání darí ní 1993 ní apá mẹ́ta. Nígbà tí síídì dé, ohun èlò fúnra rẹ̀ ń pín fíìmù: síídì kan kò lè gbà ju bí ìṣẹ́jú 80 lọ. Eré oníwákàtí méjì gbọ́dọ̀ di síídì méjì. Àwọn oníṣòwò wá rí i pé síídì méjì lè wọ páálí méjì, kí páálí méjì sì di owó méjì. Láti ibẹ̀ ni a ti dé Apá Kẹta àti Apá Kẹrin, tí eré ọjọ́ kan fi di eré oṣù mẹ́ta.

N kò fẹ́ kí a rò pé ọ̀kánjúwà nìkan ni. Ẹni tó ń ṣe fíìmù ní Kumasi nígbà náà kò rí báǹkì tó máa yá a lówó. Owó tí Apá Kìíní bá pa ló fi ń ṣe Apá Kejì. Àwọn tó ń ṣe àdàkọ síídì sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí eṣinṣin lẹ́yìn ẹlẹ́ran. Bí ọjà Apá Kìíní bá bàjẹ́, kò sí owó fún ìyókù. Mo mọ̀ ọ́n báyìí. Maame kò mọ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún un.

Pípín nìkan kọ́ ló ń bí èèyàn nínú. Ẹ rántí Ó Le Kú. Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ ìwé náà jáde ní 1974, Túndé Kèlání sì fi ṣe fíìmù ní 1997, ní apá méjì. Ìwé kan, fíìmù méjì, bíi ti Harry Potter. Ìyá mi ní méjèèjì, ó sì tò wọ́n pọ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n. Bí Apá Kìíní bá parí, èkejì ti wà níkàwọ́ wa. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nílé wa pé wọ́n rẹ́ wa jẹ. Ọ̀rọ̀ Àjàní àti àwọn ọmọge mẹ́ta náà ni wọ́n ń jà lé lórí, àti ìró àti bùbá tí gbogbo obìnrin fẹ́ rán lẹ́yìn tí wọ́n wò ó.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù wà ní Kumasi yìí kan náà. Nígbà tí Adom TV bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Kumkum Bhagya jáde, eré àwọn ará Íńdíà tí wọ́n fi èdè Twi gbohùn lé, Maame di ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Kì í ṣe apá méjì tàbí mẹ́ta ni eré yẹn ní o, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni. Alaalẹ́ ni wọ́n ń dá a dúró síbi tí ọkàn wa ti gbóná jù. Maame kò bi tẹlifíṣọ̀n ní "Adɛn?" mọ́. Ó kàn ń dìde, ó ń lọ sùn. Ó mọ̀ pé lọ́la, ní àkókò kan náà, wọn yóò ṣí ìlẹ̀kùn náà fún òun.

Ní àwọn ọdún yẹn gan-an ni ọjà Kumawood ń dẹnu kọlẹ̀. Àwọn òṣèré àti olóòtú ké gbàjarè pé eré ilẹ̀ òkèèrè ló ń pa àwọn. Òótọ́ ni, àwọn tó ń ṣe àdàkọ náà sì ń pa wọ́n. Àmọ́ ìdí kan wà tí wọn kì í dárúkọ: ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà á ti sú láti máa san owó odindi fún ìdajì, kí wọ́n sì máa retí ìdajì kejì láìmọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti já jù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kì í dúró de ẹ̀ẹ̀kẹrin.

Ẹ jẹ́ ká tún ro nǹkan kan. Ẹni tó ti ka ìwé tó kẹ́yìn mọ ẹni tó kú, ó mọ ẹni tó fẹ́ta. Kí ló wá ń bí i nínú? Kì í ṣe pé kò mọ òpin. Àwọn ọmọdé tó jókòó síbi àlọ́ mọ̀ pé Ìjàpá yóò tẹ́ ní ìkẹyìn, ṣùgbọ́n ẹ dá àlọ́ náà dúró láàárín orin kí ẹ sì wọlé lọ sùn, ẹ ó gbọ́ ariwo. Ẹni tó bá pàlọ́ ti dá májẹ̀mú pẹ̀lú ẹni tó gbà á: màá mú ọ débẹ̀. Ìbínú olólùfẹ́ fíìmù kì í ṣe ìwàǹwára. Gbèsè ló ń béèrè.

D. O. Fágúnwà mọ èyí dáadáa. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, Àkàrà-Oògùn kò sọ gbogbo ìtàn rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Ó sọ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó dìde, ó lọ. Nígbà tó padà wá, èrò tó ń dúró dè é pọ̀ ju ti àná lọ. Fágúnwà pín ìtàn náà, inú wa sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti gé e: ìrìnàjò kan parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó jẹ yó. Ọdẹ náà sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, ó padà wá.

Mo ríran sí i láìpẹ́ yìí. Lateef Adédiméjì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìtàn Lísàbí, akọni Ẹ̀gbá, ṣe fíìmù méjì lórí Netflix. Àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹsàn-án 2024. Orí fóònù ni mo ti wò ó, nígbà tó sì parí, inú bí mi: mo mọ ìtàn náà, mo sì mọ̀ pé a kò tíì débẹ̀. Èkejì dé ní oṣù kìíní 2025. Kò tó oṣù mẹ́rin. Nígbà tí mo jókòó láti wò ó, mo ti gbàgbé pé mo bínú rí.

Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe fíìmù wa kò pọ̀. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá fẹ́ pín in, ẹ sọ fún wa kí a tó sanwó. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí tàbí sí ìbẹ̀rẹ̀ fídíò pé ìdajì nìyí. Èkejì, ẹ gé e síbi tí oríkèé wà. Ẹni tó ń ta ẹran mọ ibi tí ọ̀bẹ ń gbà, kì í fọ́ eegun káàkiri. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe gbé ìdajì jáde bí ẹ kò bá ní owó ìdajì kejì lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta yìí ló le jù, òun ló sì ṣe pàtàkì jù.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di àná. Síídì ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn fíìmù Yorùbá àti ti Twi tí ń jáde lórí YouTube lónìí ṣì ń parí pẹ̀lú "Apá Kejì ń bọ̀", ó sì máa ń ṣòro láti wá apá kejì náà rí. Ìwé wa náà sì ti ń di fíìmù ńlá. Wọ́n ti ń fi Children of Blood and Bone, ìwé tí Tomi Adéyẹmí fi àwọn òrìṣà Yorùbá kọ, ṣe fíìmù ní Hollywood. Ìwé mẹ́ta ni ìtàn yẹn. Bí wọ́n bá dé ìwé kẹta, tí wọ́n sì fẹ́ yọ ọ̀bẹ, mo gbàdúrà kí ẹnì kan nínú wọn rántí Divergent.

Àgbà ti bá Maame báyìí, kò lọ sọ́jà mọ́. Nígbà tí mo kí i lọ́dún tó kọjá, a sọ̀rọ̀ àtijọ́ títí a fi dórí alẹ́ Sátidé yẹn. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rín rárá. Ó bi mí bóyá mo padà gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Mo ní rárá, Maame. A ṣì ń dúró.